Ta Ló Ní Kí Wọ́n Bá Wa Tún Un Ṣe?

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa n'Íbàdàn tó ń fi ẹ̀rọ POS jẹun. Abẹ́ agboòrùn ńlá kan lẹ́bàá títì ló máa ń jókòó sí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni èmi náà máa ń sá lọ nígbà tí owó bá tán nínú ATM. Ní ọjọ́ Ẹtì kan tó bọ́ sí òpin oṣù, ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé tí èrò sì ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, mo bá a níbi tó káwọ́ lérí. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti gba àtúnṣe lóru. Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ ló fi í ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, wọn kò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Láti àárọ̀ ọjọ́ náà, bí oníbàárà bá ti ki káàdì bọ̀ ọ́, owó yóò kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní tẹ rìsíìtì, kò sì ní fi hàn pé owó ti wọlé sọ́dọ̀ ìyá yìí. Ènìyàn méjì ti bá a fa wàhálà kí n tó dé.

"Bọ̀dá akọ̀ròyìn," ó ní, "ẹ̀rọ yìí kò ṣe mí ní nǹkan kan lánàá. Ta ló ní kí wọ́n bá mi tún un ṣe?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá," nítorí n kò rí ohun mìíràn sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi lọ sílé. Ó lè má mọ̀ pé àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià káàkiri ayé ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun kan náà láti ọdún gbọọrọ. Àbùkù wo ló yẹ kí á tún ṣe nínú ohun tí àwọn ènìyàn ti ń lò lọ, èwo ló sì yẹ kí á fi sílẹ̀ bó ṣe wà?

Kò sí sọ́fítíwià tí kò ní àbùkù. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í fi gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lé aráyé lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dà kan wà tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, tí ohun tuntun ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá lò ó mọ̀ pé òun ń gbé inú ilé tí bíríkìlà kò tíì kúrò níbẹ̀. Ẹ̀dà kejì ni èyí tí mo máa pè ní ẹ̀dà adúróṣinṣin. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ohun tuntun tó gbọdọ̀ wọlé síbẹ̀ mọ́, àfi àtúnṣe àbùkù. Ọ̀rọ̀ ìbá rọrùn bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń jẹ́ àtúnṣe ló ń túnlé ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n mú Debian, ètò kọ̀ǹpútà tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara-ẹni láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń bójú tó títí di òní. Àìmọye kọ̀ǹpútà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró ló ń lo Debian tàbí àwọn ọmọ tí Debian bí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi àtúnṣe sínú ẹ̀dà adúróṣinṣin ti Debian, ó ní láti kọ́kọ́ tún àbùkù náà ṣe nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Àbùkù náà gbọ́dọ̀ wúwo. Àtúnṣe náà gbọ́dọ̀ kéré tó bó bá ti lè kéré tó. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá gbé gbogbo ìlà tó yí padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìgbéjáde. Ubuntu, tí Debian bí ní ọdún 2004, tún ní yàrá ìdúró kan: ó kéré tán, àtúnṣe yóò lo ọjọ́ 7 níbẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn.

Linux ńkọ́? Kernel rẹ̀, ìyẹn ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ àti sọ́fítíwià gbọ́ ara wọn yé, wà nínú sáfà, ó wà nínú gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ wa. Ní oṣù Kẹta ọdún 2005 ni Greg Kroah-Hartman àti Chris Wright bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀dà adúróṣinṣin tirẹ̀ jáde, èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ 2.6.11.1. Wọ́n kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀, kò sì gùn. Àtúnṣe náà ti gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ Linus Torvalds ṣáájú. Ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba pé ó tọ̀nà, kí wọ́n sì ti dán an wò. Kò gbọdọ̀ ju ìlà 100 lọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àbùkù tó ń dààmú ènìyàn ní tòótọ́, kì í ṣe èyí tí ẹnì kan kàn fọkàn rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Àtúnṣe àkọtọ́ lásán kò sì lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀ rárá. (Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi lé àmì ohùn kiri lórí ìwé, gbólóhùn yẹn kọ́kọ́ dùn mí. Nígbà tó yá, mo gbà pé wọ́n jàre.)

Òfin dára lórí ìwé. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2023.

Ẹnì kan rí àbùkù kan nínú ext4, ètò tí Linux fi ń to fáìlì sórí dísíìkì. Bí sọ́fítíwià kan bá kọ ọ̀rọ̀ tààrà sórí dísíìkì, tó sì ní kí kernel má dá òun lóhùn àfi bí ohun gbogbo bá ti dúró sórí dísíìkì pátápátá, kernel lè dáhùn pé ó ti parí nígbà tí kò tíì kọ gígùn tuntun tí fáìlì náà ní sílẹ̀. Bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ó ti dúró lè pòórá. Àwa tí a ń gbé níbi tí iná ti ń lọ láìdágbére mọ̀ pé irú àbùkù bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Wọ́n tún un ṣe. Àtúnṣe náà kò gùn, ó tọ̀nà, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ẹ̀dà tuntun tí wọ́n kọ ọ́ fún. Gbogbo ohun tí òfin ń béèrè ló ní. Wọ́n bá mú un, wọ́n fi í sínú ẹ̀dà adúróṣinṣin 6.1.64.

Ohun tó fara sin fún wọn ni pé nínú ẹ̀dà tuntun, àtúnṣe mìíràn ti ṣáájú rẹ̀, ní apá ibòmíràn nínú kernel, èyí tó yí bí wọ́n ṣe ń sún àmì ibi tí ìkọ̀wé dé nínú fáìlì padà. Àtúnṣe kejì gbára lé ti àkọ́kọ́. Wọ́n mú ọmọ, wọ́n fi ìyá sílẹ̀. Nínú ẹ̀dà 6.1.64, bí sọ́fítíwià bá ti kọ ọ̀rọ̀ tààrà sórí dísíìkì, àmì yẹn kò ní sí níbi tó yẹ kó wà mọ́, ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé e a sì lọ jókòó síbi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe kí ọ̀rọ̀ má baà sọnù ló wá ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Debian náà gbà á wọlé, nítorí òun ń gbára lé àwọn tó ń yan àtúnṣe kernel. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́ gbé Debian 12.3 jáde. Ọjọ́ náà gan-an ni àṣírí tú. Wọ́n dá ìgbéjáde dúró, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe gba kernel náà. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, wọ́n gbé Debian 12.4 jáde pẹ̀lú ẹ̀dà 6.1.66. Kò tán síbẹ̀. Àtúnṣe kan tó jẹ mọ́ Wi-Fi ti wọ inú 6.1.66 náà, ó ń dá wàhálà sílẹ̀, ẹ̀dà 6.1.67 ló wá yọ ọ́ dànù.

Nígbà tí mo kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, n kò nílò kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, nítorí mo ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ kan wọlé lálẹ́, òkú 7. A kọ ọ́ sí ojú ìwé kìíní, ìyókù rẹ̀ lọ sí ojú ìwé karùn-ún. Nígbà tí aago méjìlá òru kọjá, akọ̀ròyìn wa tó wà nílé ìwòsàn pè pé wọ́n ti di 9. Èmi ni mo wà nídìí iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà. Mo tún ojú ìwé kìíní ṣe, inú mi sì dùn pé àwa ni a óò ní iye tó tọ̀nà. N kò rántí pé ojú ìwé karùn-ún ti lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé ìròyìn wa ń sọ 9 níwájú, ó ń sọ 7 nínú. Àwọn tí ẹbí wọn wọ ọkọ̀ náà ń pe ọ́fíìsì wa láti béèrè èwo ni kí àwọn gbà gbọ́. Bí mo bá fi 7 sílẹ̀, ìròyìn wa ìbá ti pẹ́ díẹ̀ sẹ́yìn òtítọ́, à bá sì tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Àtúnṣe mi ló sọ ìwé náà di ohun tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ 9 lòótọ́ ni.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí mo dúró sí. Mo wà lẹ́yìn àwọn tó ń ṣahun àtúnṣe. Ṣùgbọ́n n kò ní ṣe bí ẹni pé àwọn tó wà ní òdìkejì kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, nítorí wọ́n ní in, ó sì lágbára.

Greg Kroah-Hartman fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ jù. Èrò tirẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè wo àbùkù kékeré kan lónìí kí ó búra pé olè kò ní gba ibẹ̀ wọlé lọ́la. Kernel wà nísàlẹ̀ ohun gbogbo. Àbùkù tó dà bí ẹ̀fọn lójú ẹni tó tún un ṣe lè jẹ́ ọ̀nà àbáwọlé fún ẹlòmíràn. Nítorí náà, kí á má ṣa àtúnṣe jẹ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Kí á kó gbogbo rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì máa gba ẹ̀dà tuntun bó bá ti ń jáde. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà adúróṣinṣin kan ṣoṣo fi lè gbé ọgọ́rùn-ún mélòó kan àtúnṣe dání lónìí.

Ẹ̀rí tó gbè wọ́n jù ni ti Dirty COW. Ní ọdún 2005, Linus Torvalds rí àbùkù kan nínú bí kernel ṣe ń pín ìrántí ẹ̀rọ fún àwọn sọ́fítíwià. Ó gbìyànjú láti tún un ṣe, ṣùgbọ́n àtúnṣe náà dá ìṣòro sílẹ̀ lórí s390, àwọn kọ̀ǹpútà ràgàjì ti ilé-iṣẹ́ IBM. Wọ́n bá yí i padà. Kí ohun méjì tó lè pàdé láti bí àbùkù náà, ó ní láti bọ́ sí àkókò tó ṣe wẹ́kú. Lójú wọn nígbà náà, ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán ni. Ọdún 11 kọjá. Kernel yí padà, ohun tí kò rọrùn tẹ́lẹ̀ wá rọrùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2016, wọ́n rí i pé àwọn kan ti ń lò ó láti fi gba àṣẹ pátápátá lórí kọ̀ǹpútà olókọ̀ǹpútà. Fóònù Android náà kò gbẹ́yìn nínú àwọn tí ewu náà kàn. Ẹ padà lọ wo òfin tí mo kà sókè, ibi tó ti ní kí á má gba ohun tí ẹnì kan kàn rò pé ó lè ṣẹlẹ̀. Òfin yẹn ìbá ti Dirty COW síta.

Mo gbà. N kò ní èsì tó lè pa ẹ̀rí yẹn rẹ́. Ohun tí mo ní ni pé Dirty COW kò kọ́ wa pé kí á kó ohun gbogbo wọlé. Àtúnṣe ọdún 2005 ba nǹkan jẹ́ fún ẹni tó ń lò ó, ìyẹn ni wọ́n fi yọ ọ́, wọ́n sì ṣe dáadáa. Àṣìṣe wọn ni pé nígbà tí wọ́n yọ ọ́ tán, ẹnikẹ́ni kò padà sídìí rẹ̀ títí tí olè fi débẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí á má tíì gba àtúnṣe kan àti kí á gbàgbé pé àbùkù náà wà.

Ní tèmi o, àlàfo ààbò tí a ti mọ̀, kí ó wọlé lójú ẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ ju ìlà 100 lọ. Ohun tó ń ba fáìlì ènìyàn jẹ́, kí òun náà wọlé, ṣùgbọ́n kí ẹni tó kọ kóòdù náà gan-an fọwọ́ sí i pé ó bá ẹ̀dà àtijọ́ mu, kì í ṣe ẹ̀dà tuntun nìkan. Ìyókù, kí ó dúró de ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú àbùkù àtijọ́. Ó ti mọ bọ́tìnì tí kò gbọdọ̀ tẹ̀, ó ti wá ọgbọ́n dá sí i. Àbùkù tuntun ni kò mọ̀, òun náà ló sì ń dé lọ́jọ́ tí kò múra sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ẹni tó kọ kóòdù ni pé yíyàn náà ti ń kúrò lọ́wọ́ ènìyàn. Sasha Levin, tó ń bá Kroah-Hartman ṣiṣẹ́ náà, ti kọ́ ẹ̀rọ kan láti máa wo ohun tó ń wọ inú kernel, kí ó sì máa dá èyí tó jọ àtúnṣe àbùkù mọ̀ fúnra rẹ̀. Wọn a fi ohun tó bá yàn ránṣẹ́ sí àwọn tó ni kóòdù. Bí wọn kò bá kọ̀, ó wọlé nìyẹn. Ẹ ṣàkíyèsí bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà: ìdákẹ́jẹ́ di ìfọwọ́sí. Olùtọ́jú tó wà lórí àìsàn, tó ń sìnkú, tàbí tí lẹ́tà 300 wà níwájú rẹ̀, òun náà ti fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń bójú tó XFS, ètò fáìlì mìíràn nínú kernel kan náà, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ má yàn fún àwọn. Àwọn ènìyàn tó mọ XFS ni yóò máa yan àtúnṣe tí yóò lọ sínú ẹ̀dà àtijọ́, tí wọn yóò sì dán an wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ń pọ̀ sí i fún wọn, àtúnṣe wọn sì ń pẹ́. Bí mo bá ní fáìlì tí n kò fẹ́ kó sọnù, ọ̀dọ̀ wọn ni màá gbé e sí.

Ènìyàn náà lè ṣìnà, mo mọ̀. Ní ọdún 2006, olùtọ́jú kan ní Debian yọ ìlà kóòdù díẹ̀ nínú OpenSSL, nítorí pé irinṣẹ́ tó ń yẹ kóòdù wò ń pariwo lórí rẹ̀. Ó tilẹ̀ béèrè ní gbangba, ìdáhùn tó rí gbà kò sì dá a dúró. Ìlà tó yọ ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè mọ nọ́ḿbà tí wọ́n fi ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀. Láti ọjọ́ náà títí di oṣù Kàrún-ún ọdún 2008, kọ́kọ́rọ́ tí Debian ń ṣe fún oríṣi àti ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan kò ju 32,768 lọ. Olè tó ní kọ̀ǹpútà kan lè dán gbogbo rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni ìlà yẹn ń dà láàmú kí ó tó yọ ọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ariwo irinṣẹ́ ló tún ṣe.

Padà sọ́dọ̀ ìyá onípọ́ọ̀sì wa. Ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà kò ní yàrá ìdúró, kò ní ìgbìmọ̀, ó sì yan ọjọ́ Ẹtì. (Ọjọ́ Ẹtì náà ni 19 oṣù Keje ọdún 2024, tí fáìlì kékeré kan láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike dá Windows dúró lórí ẹ̀rọ tí Microsoft ṣírò sí mílíọ̀nù 8.5. Ó jọ pé ọjọ́ náà ń wu àwọn onísọ́fítíwià.) Mo bá a pe nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé e sọ pé àtúnṣe náà mú kí àwòrán ojú ẹ̀rọ túbọ̀ fani mọ́ra. Mo bi í bóyá ọ̀nà wà láti dá ẹ̀dà àná padà. Ó ní kò sí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ rìsíìtì. Ìyá náà kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á yọ síìmù kúrò nínú ẹ̀rọ, á so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, kò sì ní dá a padà títí oníbàárà àkọ́kọ́ yóò fi dé láàárọ̀. Ó ní àtúnṣe kankan kò tíì rí òun mú. Bí wọ́n bá fi ti ààbò ránṣẹ́ lóru, èyí tó yẹ kó gbà lójú ẹsẹ̀, kò ní rí òun náà mú.